Bí Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀sọ̀ Ṣe Pààrọ̀ Jíà Píkọ́ọ̀pù Wa

Èmi ni mo sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀sọ̀, ìbínú ni mo sì fi sọ ọ́, kì í ṣe ìfẹ́. Bí ẹ bá rí i níbi tó ti ń mu tíì láàárọ̀, inú á bí ẹ̀yin náà. Á fẹ́ atẹ́gùn sí ife, á gbé e kalẹ̀, á wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, á tún gbé e. Kó tó mu ife kan tán, èmi ti fọ abọ́, mo ti gbálẹ̀, mo ti gún èèyàn méjì lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn. Òun náà kò gbà fún mi, ó sọ mí ní Ìyàwó Kíákíá. Orúkọ méjèèjì ti mọ́ wa lára débi pé àwọn ará àdúgbò ò mọ òmíràn fún wa mọ́.

Mẹkáníìkì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo bá pariwo lókè, ó máa gbọ́. Páànù ló fi bò ó lórí òpó mẹ́fà, òróró ẹ́ńjìnnì sì ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú bí èédú. Tó bá fẹ́ tú nǹkan lára ọkọ̀, páálí ló máa kọ́kọ́ wá. Á fi bírò ya àwòrán nǹkan náà sórí páálí, á dá ihò sí i, bóòtù tó bá ti apá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún jáde, ihò òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa kì í bọ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, páálí á ṣófo, á ká a, á jù ú síná. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ fi sípánà gbá òun lórí nígbà kan nítorí bóòtù kan ṣoṣo, ó sì ní kí òun máa wí i láràárọ̀ pé ilé tí bóòtù bá ti jáde ni kó padà sí. Ogójì ọdún ló ti ń wí i. Ọkọ̀ tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í padà wá nítorí bóòtù, ẹnu mi kọ́ ló sì yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ, torí èmi kì í yìn ín.

Orí òkè ni ilé ìwòsàn wa wà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá, kọ́nà méjìdínlógún ló wà lórí rẹ̀, àpáta lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun lọ́wọ́ kejì. Ọkọ̀ kékeré kì í gùn ún, àgbàrá ti jẹ ẹ́ jù. Píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì kan la ní, ó dàgbà ju àwọn mìíràn lára àwọn tó ń gbé lọ. Ọkọ mi ni dírẹ́bà rẹ̀. Ọtomátíìkì ni: fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà, dírẹ́bà ò níṣẹ́ ju kó tẹ tọ́rọ́tù kó sì tẹ bíréèkì. Aláboyún tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹni tí igi wó lù, ọmọ tí ibà ti mú dákú, ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni gbogbo wọn ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún, táyà ò yí. Bọ̀ọ̀dá fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn òróró jíà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní jíà ti jóná. Irú jíà ọtomátíìkì yẹn ò sì sí mọ́, ó ní àwọn tó ń ṣe é ti pa á tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù kan tí igi fọ́ lórí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú tiwa gan-an, mánúà ni tirẹ̀, tí dírẹ́bà ń fi ọwọ́ ki jíà. Ó ní òun máa tú jíà ibẹ̀, òun máa tú kílọ́ọ̀ṣì tí dírẹ́bà ń tẹ̀ kó tó ki jíà àti pẹ́dà rẹ̀, òun máa kó gbogbo wọn sínú tiwa.

Mo bi í bóyá ó ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó mọ ẹnì kan tó ti ṣe é rí. Ó ro ó títí, ó tún ní rárá. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé ọkọ̀ aláìsàn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Ọkọ mi, tí kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, ní kí n lọ wo nǹkan tó ń ṣe ná.

Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ. Ìjà ni mo bá lọ, ẹ̀rù ló bá mi níbẹ̀. Ó ti gbé ọkọ̀ méjèèjì ko ara wọn, ó ti tú inú wọn síta, páálí tó tó mẹ́wàá tò sílẹ̀ pẹ̀lú bóòtù lórí wọn. Ó ní kí n wá wo nǹkan kan. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbẹ̀ bí ìdérí. Ó tú u. Ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣe déédéé bí ẹni fi ayùn gé e, ibẹ̀ sì ni pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì yẹ kó dúró sí.

Ó ní, "Àwọn tó ṣe é ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa la ò mọ̀."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yẹn, àyè yẹn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo ti gbẹ̀bí fún ogún ọdún, mo ti rí bí ara ṣe ń pèsè àyè de ohun tí kò tíì dé, mi ò mọ̀ pé irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá ara mi tí mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tiwa, awo irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà tí jíà ọtomátíìkì rọ̀ mọ́, bóòtù mẹ́jọ ló sì dè é. Mánúà ò lo irú awo yẹn. Àgbá irin wúwo kan ló ń lò, fúláíwíìlì ni wọ́n ń pè é, òun ni kílọ́ọ̀ṣì máa ń gbá mú. Bọ̀ọ̀dá tú awo náà, ó ki bóòtù mẹ́jọ náà bọ páálí yípo yípo. Ó gbé fúláíwíìlì tó tú lára ọkọ̀ kejì sípò, ó kó bóòtù mẹ́jọ náà kúrò lórí páálí, ó fi wọ́n dè é, oníkálùkù ní ilé tó ti jáde. Ìṣojú mi ló ṣe é.

Èmi náà ní tèmi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Aránṣọ kan wà, ìyàwó bíríkìlà, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́rì agégẹdú tó máa ń gòkè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bíríkìlà mú ìyàwó rẹ̀ wá, ó bi mí bóyá kí òun kúkú fi lọ́rì yẹn gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí píkọ́ọ̀pù wa ti wà nílẹ̀. Èrò kún ẹnu ọ̀nà mi. Mo fọwọ́ kan ikùn obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ọmọ kan ni, orí rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n máa lọ sílé. Lọ́rì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, ó ní ẹsẹ̀ òun wú. Èrò ò sí lọ́jọ́ yẹn. Mo fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbọ́ ọkàn kan tó ń lù lọ́wọ́ òsì ikùn rẹ̀, mo gbọ́ òmíràn lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn ò sì jọ ń lù pọ̀. Ìbejì ni. Èyí tó wà níwájú dábùú, ohun tí mo pè ní orí lánàá kì í ṣe orí rárá. Ọmọ tó bá sì dábùú báyẹn kò lè gba ọ̀nà rẹ̀ jáde, àfi iṣẹ́ abẹ, a ò sì ní iṣẹ́ abẹ lórí òkè. Mo sọ fún wọn pé ìbejì ni, pé a máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti ṣe tán. Mi ò sọ fún wọn pé ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà tí lọ́rì ṣì wà nílẹ̀. Bíríkìlà ń rẹ́rìn-ín ìbejì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ rẹ̀ sì ń gún mi bí ẹ̀gún.

Ẹjọ́ tó yẹ kí n bá ara mi rò, Bọ̀ọ̀dá ni mo lọ rò ó fún. Mo kígbe lé e lórí pé ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀, pé tó bá jẹ́ ọmọlúàbí ni, á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Mo ní òwe ò lè gbé aláboyún dé ọsibítù. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sábẹ́ ọkọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ní ó ti tán. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dún rárá. Mo ti la ẹnu láti sọ tèmi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ọkọ̀ ọtomátíìkì kì í jí àyàfi tí jíà bá sọ fún un pé òun ti wà ní ìdúró, ọkọ̀ yìí ò tíì mọ̀ pé jíà yẹn ti lọ, ó ṣì ń dúró de ìdáhùn rẹ̀. Ó wá wáyà méjì kan jáde tí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ láìní ilé, ó so wọ́n pọ̀, ó ní kí ọkọ mi tún yí i. Ẹ́ńjìnnì bú sókè. Ọkọ mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ki jíà kìíní, ó rọra ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n bí ní ọtomátíìkì rìn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù bíi mánúà. Wọ́n di yanrìn sínú rẹ̀, wọ́n fi gun òpópónà tó ga jù ládùúgbò, wọ́n tún fi sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá wo páálí rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ká wọn, ó jù wọ́n síná. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa ṣe é láìjẹ́ pé ọkọ mi ní kí n ṣe é.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, omirà ya lára aránṣọ. Èmi àti bíríkìlà sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti gbé ọkọ̀. A bá ọkọ̀ lórí jáàkì. Bọ̀ọ̀dá wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ń tú jíà sílẹ̀, ọkọ mi ń bá a tanná. Mi ò mọ ohun tí mo pariwo, mo ṣáà mọ̀ pé mo pariwo. Bọ̀ọ̀dá yọ jáde, ó dìde, ó gbé agolo mílíìkì kan dání.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ̀ yìí ò lè sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Mo ti ṣe àṣìṣe."

Bóòtù mẹ́jọ ló wà nínú agolo náà, nínú kẹrosíìnì. Àwọn tó dè fúláíwíìlì mú lára ọkọ̀ tí igi fọ́ ni. Ó ti rẹ wọ́n sínú rẹ̀ kí ìpẹtà lè kúrò lára wọn, ó sì gbàgbé wọn, torí kò sí páálí tó pè wọ́n. Àárọ̀ yìí ló fẹ́ kó wọn pamọ́, ló bá gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́. Ó fi hàn wá, ó gùn tó ìka àárín rẹ̀. Èyí tó fi de fúláíwíìlì tiwa ò tó ìdajì rẹ̀, torí awo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnu ihò nìkan ni wọ́n há sí. Tí wọ́n bá já ní kọ́nà, fúláíwíìlì á bọ́, á gé jíà, á gé ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ọkọ̀ á wá wà láìsí ohun tó dì í mú. Ilé tí bóòtù ti jáde ló dá a padà sí, bó ṣe ń ṣe é láti ogójì ọdún, ilé yẹn ló sì ti yí padà. Ohùn tó fi ń béèrè sípánà ló fi sọ gbogbo rẹ̀, lójú ọkọ aláboyún.

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkọ̀ gbé yanrìn lánàá, kò ṣe nǹkan kan. Èmi tó yẹ kó gbọ́n, èmi náà dara pọ̀, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí ọkọ mi rọra máa wà á.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ó lè gbé yín dé. Ó sì lè má gbé yín dé. Tí mi ò bá mọ̀ ni, ẹ ò bá ti lọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀."

Ó ní kí n fún òun ní wákàtí mẹ́ta. Mo pe ọsibítù ìsàlẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ wọn ti jáde, ó dọ̀sán kó tó lè gòkè. Mo padà sọ́dọ̀ aránṣọ nílé ìwòsàn, mo kó ìrọ̀rí sábẹ́ ìdí rẹ̀ kí ìdí lè ga ju orí lọ, kí okùn ọmọ má baà já bọ́ síwájú. Ìrọbí ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ òun máa yè. Mo ní wọ́n máa yè, mo yíjú sí ògiri. Mo fi ọkọ rẹ̀ tì í, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Bọ̀ọ̀dá kan náà ni, kò sáré, kò làágùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìṣísẹ̀ kankan tó ṣòfò. Kò wá sípánà, ọwọ́ rẹ̀ ń bà lé e ni. Kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń nawọ́, ọkọ mi sì ń gbé nǹkan sí i lọ́wọ́. Jíà tó wúwo tó èèyàn méjì sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó láìdún. Ohun tó fi ọjọ́ mẹ́ta tò pọ̀, ó ń tú u bí ìyá ṣe ń tú irun ọmọ. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń pe ẹ̀sọ̀ yìí ní ìmẹ́lẹ́? Orí mi wú. Ojú tì mí pẹ̀lú, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú méjèèjì.

Nígbà tí fúláíwíìlì yọjú, ó pè mí, ó ní kí n fọwọ́ kan àwọn bóòtù náà. Nínú mẹ́jọ, ìka mi lásán yí méjì. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó tú wọn kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn tó gùn bọ ihò wọn, èyí lókè, èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, ó fi ọ̀pá gígùn dè wọ́n pinpin, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. A tẹ́ aránṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Bọ̀ọ̀dá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Mo ní kó lọ sinmi, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó ní tó bá máa já, kó já lójú òun.

Láyé ọtomátíìkì, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn máa ń dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ sá fún wa, ọkọ mi á fẹsẹ̀ há bíréèkì títí a ó fi máa gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó ki jíà kejì lórí òkè, jíà sì di ọkọ̀ mú bí àgbà ṣe ń di ọwọ́ ọmọdé mú lórí àtẹ̀gùn. Kọ́nà kìíní kọjá, ìkejì kọjá, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ bíréèkì kí a tó dé àárín ọ̀nà. Mo gbé ohun tí mo fi ń gbọ́ lílù ọkàn sí ikùn aránṣọ. Mo gbọ́ ọkàn ti òsì, mo gbọ́ ti ọ̀tún, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ wa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ déédéé. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ń sunkún, mo ń ka kọ́nà, bíríkìlà sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́, àfìgbà tí mo mi orí fún un pé kò sí ewu.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbé e lọ tààrà. Kó tó di aago kan, dókítà jáde, ó ní ọkùnrin kan, obìnrin kan, ìyá wọn sì ti ń jí bọ̀. Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá lórí ilẹ̀ ọsibítù. Bọ̀ọ̀dá fà á dìde.

Ó ní, "Má dúpẹ́ jù. Wákàtí mẹ́ta tí ìyàwó rẹ fi jẹ̀rora láàárọ̀ yìí, èmi ni mo fi kún un."

Kò sẹ́ni tó bi í. Ọ̀rọ̀ ti kọjá, ọmọ ti yọ, ìyá ti yè, kí ló tún kù tó ń tú síta? Mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo ènìyàn tó ń rìn lórí omi. Bíríkìlà wá yíjú sí mi, omi ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ló fi èmi nọ́ọ̀sì sórí òkè yẹn fún àwọn, ó ní tí kì í bá ṣe tèmi ni, kí ni àwọn ì bá ṣe. Nínú káàdì ìyàwó rẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ láéláé. Mo ti gbà á lọ́kàn pé bó ṣe máa wà nìyẹn, mo tiẹ̀ ti ní kò tọ́pẹ́, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ wá bi mí nípa lọ́rì, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ìbejì ni. Mo kánjú. Èmi ni mo jẹ́ kí lọ́rì lọ láìgbé yín."

 Ẹ̀rín kúrò lójú bíríkìlà díẹ̀díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń wo ilẹ̀, ọkọ mi ń wò mí.

Bíríkìlà ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ fún un fúnra yín. Òun ló jẹ ìrora ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Mo dìde, mo wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí. Aránṣọ ti lajú, àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ náà mú, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.